Àgbàdo Tí A Dì Ní Gbígbóná

Ojú pátákó ni gbogbo wa kọ́kọ́ máa ń wò láàárọ̀. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí á pa iye tàná rẹ́, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye tí wọ́n ń ra kílò àgbàdo kan lónìí, eruku funfun á sì rọra bọ́ sórí bàtà rẹ̀. Èmi ni mo máa ń fi ọ̀pá irin gún àpò àwọn àgbẹ̀ láti mọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú àgbàdo wọn. Tí nọ́mbà ojú ẹ̀rọ tó wà lórí ọ̀pá náà bá kọjá mẹ́tàlá, wọ́n á yọ nínú owó. Wọ́n tún ń yọ ti ìdọ̀tí, wọ́n ń yọ ti àwọn alábàárù tó já ẹrù. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń pe ọ̀gá ní Baba Yọ-kúrò. Ó mọ̀, kì í bínú. "Ẹ má bá mi jà," ló máa ń wí. "Omi ni kẹ́ ẹ bá jà."

Ó ti di ọdún mẹ́ta tí bàbá mi ti jẹ iléeṣẹ́ wa ní gbèsè irúgbìn àti ajílẹ̀. Ẹni tó bá san tirẹ̀ tán lè ta àgbàdo níbi tó wù ú. Ẹni tí kò bá san tán, ọ̀dọ̀ wa nìkan ni yóò tún gbé e wá lọ́dún tó ń bọ̀. Lọ́dún yìí, bàbá mi kórè ọgbọ̀n àpò. Mo ti bá a ṣírò rẹ̀: àpò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló máa pa gbèsè náà rẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ lórí fóònù pé iye máa já wálẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé, mo pe bàbá mi.

"Ẹ gbé e wá lọ́la, bàbá."

"Ó ṣì wà lórí tapólì. Oòrùn ń pa á lọ́wọ́ báyìí."

"Ẹ dì í bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀sán yìí ni kẹ́ ẹ kó o sí."

"A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná o, dókítà." Ó rẹ́rìn-ín. Dókítà ló ń pè mí, nítorí ó ní abẹ́rẹ́ ni mò ń gún fún àpò.

Nígbà tó kàn án láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó tẹrí ba fún mi níwájú àwọn alábàárù. "Dókítà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rọra gún wọn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo tú ẹnu àpò àkọ́kọ́. Atẹ́gùn gbígbóná kan fẹ́ sí mi lójú. Mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ọ̀rá tó wà nínú àpò náà tutù rinrin bí ọmọrí ìkòkò. Àgbàdo tí a bá dì kí ooru tó kúrò lára rẹ̀ máa ń làágùn. Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ ọ́ fún àwọn àgbẹ̀. Bàbá mi nìkan ni mi ò rántí sọ ọ́ fún, nítorí pátákó ló gbà mí lọ́kàn.

Ìlànà wa ni pé ká gún ẹnu àpò, àárín àti ẹ̀gbẹ́, ká sì kọ èyí tó bá ga jù. Mo gún ẹnu, mo gún àárín: mẹ́tàlá ni méjèèjì. Mo yọ ọ̀pá, mo mú bírò. Baba Yọ-kúrò dúró lẹ́yìn mi. Ẹni tó di ọ̀pá yìí mú kí n tó dé fo ẹ̀gbẹ́ àpò àna rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọjọ́ náà ni wọ́n lé e.

Bàbá mi wo ọ̀gá, ó wò mí.

"O gbàgbé ẹ̀gbẹ́."

"Bàbá."

"Gún un. Àgbàdo ti lọ. Má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ náà bá a lọ."

Mo gún un. Mẹ́tàdínlógún.

"Ṣé mo lè gbé e padà lọ sá sóòrùn?" ni bàbá mi bi ọ̀gá.

"Ta ló dá yín dúró?"

Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Àmọ́ owó ọkọ̀ á jẹ àpò méjì ní lílọ, á jẹ méjì ní bíbọ̀, ọjọ́ Ajé á sì ti dé. Bàbá mi wo ojú ọ̀nà títí. "Adìyẹ ti bà lókùn," ló wí, ó sì ní kí àwọn alábàárù máa já a.

Ọgbọ̀n àpò di mẹ́rìnlélógún lórí ìwé. Baba Yọ-kúrò yí ìwé náà sí i, ó ń fi ìka tọ́ka ìlà kọ̀ọ̀kan fún un. "Mo ti fi ti ìdọ̀tí sílẹ̀ fún yín," ló wí. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ọdún tó ń bọ̀, nítorí àpò méjì tó kù nínú gbèsè náà.

Èmi ni mo gbé irúgbìn tuntun fún un. Ó tú u, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́.

"Eléyìí tutù dáadáa," ló wí. Kò pè mí ní dókítà.

Àgbẹ̀ tó tẹ̀ lé e ti gbé àpò tirẹ̀ síwájú mi. Ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ́kọ́ gún.