Ọba Tí Mo Ní Kò Gbọdọ̀ Kú

Ẹ má dá mi lẹ́bi o. Ta ni yóò gbọ́ pé ọkọ òun fẹ́ kú lójú agbo, tí yóò máa rẹ́rìn-ín? Ọdún tó tẹ̀lé òmìnira Gabon ni, àwa Yorùbá Libreville fẹ́ ṣeré níbi àjọ̀dún ní Akébé, àdúgbò wa. Mọ́ṣúdù télọ̀ ló kọ ọ́: ọba ọ̀dọ́ kan gbéraga, kò gbọ́ràn sí àgbà lẹ́nu, ó fọwọ́ ara rẹ̀ ba ayé ara rẹ̀ jẹ́, ó sì mu májèlé. Ọkọ mi, Bàbá Ayọ̀dé, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ni wọ́n fi ṣe ọba.

Mo ní, "Láéláé! A kì í fi ikú ṣeré."

Ẹ̀rù ló ń bà mí. Oṣù tó ṣáájú ni wọ́n ránṣẹ́ láti Ọ̀yọ́ pé ìyá mi ti lọ. Wọ́n ti sin ín kí ọ̀rọ̀ tó dé. Bí mo ṣe lanu láti ké, àwọn àgbà Akébé ní kí n pa á mọ́nú: a kì í sunkún òkú àgbà, ìnáwó là ń ṣe. Wọ́n jẹ ìrẹsì mi, wọ́n jó, wọ́n lọ. Ẹkún náà há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Ṣé ọkọ mi ló wá kàn?

Mọ́ṣúdù ní ọba tí kò bá kú, kì í ṣe eré gidi. Mo ní kó lọ kú fúnra rẹ̀. Nígbà tí n kò dáná mọ́ nílé, ọkọ mi lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n sì yí i padà: ọba yóò da májèlé nù, yóò tọrọ àforíjì.

Ọjọ́ pé. Èrò kún bámúbámú. Àwọn Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ Dahomey, náà wá. Agnès, aládùúgbò wa ọmọ Gabon tí kò gbọ́ Yorùbá kankan, ti ń nu omijé kí ọba tó jókòó. "Il meurt?" ló ń bi mí, pé ṣé yóò kú. Mo ní ọba kò ní í kú. Ó wò mí bí ẹni pé mo gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ọkọ mi gbé ife sókè. Ó wá da májèlé nù, ó ní, "Ẹ dárí jì mí."

Háà! Ariwo sọ. "Irọ́ o! Kí ló dé tí kò kú?" Bàbá Buraimoh, olórí wa, ẹni tó kọ́kọ́ ní kí n má sunkún, ti fa áńkáṣíìfù yọ, kò mọ ibi tí yóò fi í sí. Adétóun aláṣọ dìde: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ó kú! Láti àárọ̀ ni mo ti ń di ẹkún àbúrò mi tó kú mọ́ra."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Ọkọ mi ń wò mí láti orí ìtàgé, ó ń fojú bi mí pé kí lòun ó ṣe. Mo ro ó: ọba náà ò tíì pé ogójì ọdún. Òkú ọ̀dọ́ ni. Ta ló máa ní ká má sunkún òkú ọ̀dọ́?

Mo fò dìde. Ẹni tí mo ń pè ní "ẹ̀yin" látọjọ́ ìgbéyàwó, mo gbàgbé ọ̀wọ̀: "Kú, jàre! Kú, kí n ríbi sunkún!"

Ó gbé ife òfìfo sẹ́nu, ó ṣubú gbì. Mo bú sẹ́kún, "Yéè, ìyá mi o!" Gbogbo agbo gbà á, kálukú ń pe òkú tirẹ̀. Bàbá Buraimoh ń ké ju ọmọ kékeré lọ.

Ọkọ mi la ojú kan. "Ìyá Ayọ̀dé, mi ò kú o," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mo mọ̀," mo ní. "Ẹ padà dijú. N kò tíì sunkún tán."