Búrẹ́dì Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ṣúgà

Àtọ̀gbẹ ló pa Alhaji Sàláúdéènì ará Ìdí Arère, lọ́dún 1963. Nígbà tí fìdáù ọjọ́ kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, wá bá ìyá mi, Ràbíátù, nílé búrẹ́dì wa ní Bẹẹrẹ. Búrẹ́dì sàárà ló fẹ́, ṣùgbọ́n hóró ṣúgà kan kò gbọdọ̀ kàn án.

"Ṣúgà ló pa á," ó ní. "N ò ní fi ohun tó pa ọkọ mi tọrọ àánú fún un."

Ìyá mi fi Ọlọ́run búra fún un. Kò sì po búrẹ́dì aláìní ṣúgà rí láyé rẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, ìyẹ̀fun tó pò sínú ọpọ́n méjì wú díẹ̀, ó sì dúró. Lẹ́yìn ìrun àsárì ni àwọn áàfáà máa jókòó, oòrùn sì ti ń yẹ̀ lórí. Ìyá mi kọjú sí mi.

"Kúbúrá, ìwọ tó ń kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì, kí ló ṣe é?"

"Abẹ̀mí ni yíìsì tó ń mú ìyẹ̀fun wú, Ìyá. Ìbátan olú ni. Adùn ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ó ti jẹ ìwọ̀nba adùn inú ìyẹ̀fun tán, ó sì mọ̀ pé ó tán. Irinṣẹ́ tó lè fi jẹ adùn mìíràn tó fara pamọ́ sínú ìyẹ̀fun wà nínú àbùdá rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í mú un jáde nígbà tí ṣúgà bá wà. Ìsinsìnyí ló ń rọ ọ́."

"Yóò rọ ọ́ dìgbà wo?"

N ò mọ̀. Ìwé tí mo kà kò dárúkọ Bẹẹrẹ. Mo ní sùúrù ni baba ìwà.

"Baba ìwà ò bá mi po ìyẹ̀fun," ìyá mi dáhùn.

Mo lọ koná mọ́ ààrò lẹ́yìn ilé. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi jókòó sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgbúnwọ́, páálí ṣúgà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Mo ti bù ú sí ọ̀kan," ó ní.

Inú bí mi. Mo ṣí aṣọ orí ọpọ́n kejì. Ìyẹ̀fun náà ti ń gbé aṣọ sókè, láìsí ṣúgà kankan. Ìyá mi fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì bú sẹ́kún.

Apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì kan péré la gbé dé Ìdí Arère. Àwọn áàfáà ti jókòó. Ìyá mi kúnlẹ̀ síwájú Àṣàkẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ìdajì ni mo gbé wá. Mo ti ba ìyókù jẹ́, mo fi ṣúgà sí i. Sùúrù mi ò tó."

Àṣàkẹ́ nawọ́ sínú apẹ̀rẹ̀. Ó bu búrẹ́dì náà, ó fi sẹ́nu, ó sì ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́.

"Kò dùn rárá," ó ní, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún mẹ́ta ni ọkọ mi fi ń kọjá níwájú ààrò yín lọ sí mọ́ṣáláṣí, tó ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì tí kò lè jẹ. Ràbíátù, ṣé ẹ ti lè ṣe irú èyí látọjọ́ yìí ni?"

Ìyá mi wà lórí ìkúnlẹ̀. "A ò dán an wò rí, ẹ̀gbọ́n," ó ní.