Bọ́ọ̀lù Ọ̀fẹ́ Ọjọ́ Sátidé

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Màríyámọ̀ kò mọ ohun tó ń ṣe. Ó mọ̀. Obìnrin tó gbé àpò kan ṣoṣo ti Ṣakí wá sí Kétu, tó fi ọdún mẹ́sàn-án sọ àtíbàbà pákó di ilé tí àádọ́jọ ènìyàn ti ń wo bọ́ọ̀lù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Àìsàn tirẹ̀ kan ni pé ó fẹ́ràn kí ilé òun kún. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn kí ilé òun kún, kò ṣòro láti rà.

Ilé bọ́ọ̀lù náà wà lẹ́yìn Ọjà Ìfẹ́sowápọ̀ ní Ìkòsí, níbi tí àwọn tírélà tòmátì ti ń já ẹrù. Àwọn alábàárù ni oníbàárà rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ru apẹ̀rẹ̀ láti ìdájí títí ọrùn fi fẹ́ wọlé sáàárín èjìká, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ. Wọn á tẹ́ òṣùká wọn sórí bẹ́ǹṣì kí pákó má baà ni wọ́n lára, wọn á jókòó lé e, wọn á sì máa pariwo mọ́ àwọn òyìnbó tí kò mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Níyì, àbúrò Màríyámọ̀, wà lára wọn. Màríyámọ̀ ló mú un wá láti Ṣakí, òun náà ló bẹ olórí alábàárù kí wọ́n tó fún un ní jákẹ́ẹ̀tì onínọ́ńbà, nítorí láìsí jákẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹnikẹ́ni kò lè ru ẹrù nínú ọjà náà.

Lẹ́nu ọ̀nà ọjà, ìjọba kọ́ ilé ìwòsàn kékeré kan fún àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, wọ́n jó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì ti géètì rẹ̀ pa. Ọdún kẹta rèé. Bẹ́ẹ̀dì tí wọn kò tíì bọ́ ọ̀rá lára rẹ̀ ń bẹ nínú ilé náà, ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á rí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, apẹ̀rẹ̀ já láti orí tírélà, ó sì ba Bartholomew, ọ̀kan lára àwọn alábàárù, lórí. Ẹni jẹ́jẹ́ ni Bartholomew. Gbólóhùn Yorùbá mẹ́ta péré ló gbọ́, ó sì ń fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa gbogbo ènìyàn lẹ́rìn-ín. Níyì àti àwọn mẹ́ta mìíràn gbé e sáré dé géètì ilé ìwòsàn, wọ́n ń fi òkúta lu àgádágodo. Kò ṣí. Wọ́n wá gbé e sórí ọmọlanke kí wọ́n lè wá mọ́tò lójú títì, orí ọmọlanke náà ló kú sí.

Níyì kò sunkún. Ó lọ ń bá àwọn alábàárù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bẹ̀ wọ́n fún kò le: bí tírélà bá dé ní Sátidé tó ń bọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ru nǹkan kan. Kí kálukú fi òṣùká rẹ̀ kọ́ géètì ilé ìwòsàn, kó sì dúró síbẹ̀. Láàárín àwọn alábàárù, ẹni tó bá ti gbé òṣùká rẹ̀ kọ́ ti sọ pé ọrùn òun kò sí fún títà lónìí nìyẹn, kò sì sí ọ̀gá tó lè pè é. Tòmátì kì í dúró de ẹjọ́. Bí oòrùn bá pa á di ọ̀sán, á máa ṣomi, àwọn olówó ọjà fúnra wọn ni yóò sì sáré lọ bá ìjọba pé kí wọ́n ṣí géètì. Ọgọ́fà alábàárù ló búra sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọkọ̀ dúdú kan dúró níwájú ilé bọ́ọ̀lù. Ọlábámijí ló sọ̀ kalẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn Ọnọrébù àdúgbò náà, ọkùnrin kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó kí ènìyàn.

"Mummy wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọnọrébù ní kí n kí yín. Wọ́n ní àwọn ọmọ yín ń ṣe wàhálà gan-an, wọ́n need enjoyment."

"Ẹ ṣé o, Ọ̀gá. Kí la fẹ́ ṣe fún wọn?"

"Big screen la gbé wá, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tuntun. Tiyín ni, ẹ ò ní dá a padà. Ẹ kàn máa bá wa ṣe free viewing ní Saturday, láti aago mẹ́jọ àárọ̀. A máa kọ́kọ́ fi àwọn match àtijọ́ hàn, lẹ́yìn ìyẹn la máa wo derby. Drinks wà, ẹran wà. Ẹnikẹ́ni ò ní san kọ́bọ̀."

"Saturday yìí?" ni Màríyámọ̀ béèrè.

Ọlábámijí wò ó lójú. "Saturday yìí náà ni, Mummy. Tí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, viewing centre pọ̀ ní Kétu."

Ẹ ò rí i? Kò purọ́ fún un, kò sì halẹ̀ mọ́ ọn. Ó kàn gbé oúnjẹ síwájú ẹni tó ń wojú ọbẹ̀, ó ní bí kò bá jẹ ẹ́, aládùúgbò á jẹ ẹ́. Màríyámọ̀ sọ fún ara rẹ̀ pé ẹlòmíràn á kúkú gbà á. Ó tún sọ fún ara rẹ̀ pé ọkùnrin tó bá fẹ́ dúró ní géètì kò ní tìtorí telifíṣọ̀n kúrò níbẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti kan telifíṣọ̀n mọ́ ògiri.

Ní Sátidé, tírélà mẹ́fà dé. Àwọn alábàárù jáde lóòótọ́, òṣùká lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n iwájú ilé Màríyámọ̀ ni ọ̀nà géètì gbà kọjá, ariwo bọ́ọ̀lù sì ń ti inú ilé jáde pẹ̀lú òórùn súyà.

"Ká kàn yọjú díẹ̀," ni Nojeem wí, ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù lọ́jọ́ tí wọ́n búra. "Ṣebí a ò ní ṣiṣẹ́ lónìí? Strike náà là ń ṣe yìí, abi?"

Àṣìṣe tó gbé wọn mì nìyẹn. Wọ́n rò pé alábàárù tí kò bá ti ru ẹrù ti ṣe ìpín tirẹ̀, ibi yòówù kó jókòó sí. Wọ́n wọlé, wọ́n tẹ́ òṣùká sórí bẹ́ǹṣì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n sì jókòó lé ohun tó yẹ kó wà lára géètì.

Ó tó nǹkan bí aago mẹ́wàá kí Níyì tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, òógùn ti bò ó. Nígbà tí kò sí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà bí kò ṣe òun nìkan, bọ́ọ̀sì méjì ti já àwọn ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ sídìí tírélà, jákẹ́ẹ̀tì tuntun lọ́rùn wọn, wọ́n sì ti ń ru ẹrù. Ó pe Nojeem, Nojeem kò gbọ́. Ó pe ẹlòmíràn, onítọ̀hún fi ọwọ́ sọ fún un pé kó kúrò níwájú òun, kó má dí òun lójú. Ló bá wá bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí jẹnẹrétọ̀.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa á. Five minutes péré, kí n bá wọn sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá jáde báyìí, a ṣì lè dá àwọn yẹn dúró."

Màríyámọ̀ wo inú ilé. Kò kún tó báyìí rí láti ọjọ́ tó ti dá a sílẹ̀. Àwọn tí kò ráyè wọlé rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Ọlábámijí dúró lẹ́yìn, ó ń fi ojú sọ fún un pé kó má ṣe é.

"Níyì, jẹ́ kó di half-time ná."

"Àǹtí mi."

"Mo ní kó di half-time! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fọ́ gbogbo nǹkan mi ni?"

Níyì kò bú u, ì bá sì sàn kó bú u. Ó yí padà, ó jáde. Nígbà tí ìlàjì àkókò dé, wọ́n pín bíà àti mọ́ọ̀tì, wọ́n pín ẹran, kò sì sí ẹni tó rántí ohun tó gbé òun jáde nílé láàárọ̀.

Lọ́sàn-án, nígbà tí wọ́n wò ó tán, wọ́n jáde bá ọjà tí wọ́n ti gbá mọ́. Àwọn tírélà ti lọ. Òṣùká kan ṣoṣo ló wà lára géètì ilé ìwòsàn, ti Níyì ni, òun fúnra rẹ̀ sì dúró tì í. Ọgọ́fà ènìyàn ì bá ti di ọ̀rọ̀ tí ìjọba yóò jókòó sọ, ṣùgbọ́n oníjàngbọ̀n ni wọ́n ń pe ẹnì kan. Ní ọjọ́ Ajé, wọ́n gba jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀. Nojeem wà níbẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Níyì kó aṣọ rẹ̀, ó lọ sí Àgbóyì láti máa wa yanrìn nínú odò, kò sì dágbére fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ó pé oṣù méje. Géètì ṣì wà ní títì. Ilé bọ́ọ̀lù ń kún lójoojúmọ́, kíkún rẹ̀ kò sì dùn mọ́ Màríyámọ̀ nínú mọ́. Nígbà mìíràn á dúró sẹ́yìn, á máa wo àwọn orí tó tò lọ níwájú rẹ̀, á sì máa bi ara rẹ̀ pé èwo ni apẹ̀rẹ̀ máa já lù lọ́la. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ti Màríyámọ̀ kò gbẹ̀yìn síbì kankan, ó ń bá a dáná, ó ń bá a kírun. Nígbà tí kò lè gbé e mọ́, ó ti ilé bọ́ọ̀lù pa ní ọjọ́ Àìkú kan, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Àgbóyì.

Lórí omi, ó ń to ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Yóò kúnlẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Yóò jẹ́wọ́. Yóò ní kó padà wá, kí àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ alábàárù kan dé òmíràn. Ọkùnrin tó ń tukọ̀ ń sọ pé àwọn awayanrìn ti fẹ́ lọ bá ìjọba jà lórí èbúté wọn tó wó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti rọlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Màríyámọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ fetí sí i.

Ó bá Níyì létí odò, lábẹ́ àtíbàbà kan, láàárín àwọn awayanrìn. Ó ti gbẹ, omi sì ti bó ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo wọn kọjú sí telifíṣọ̀n ńlá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwòrán Ọnọrébù ń rẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ rẹ̀.

"Ah, Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀." Níyì sún fún un lórí pákó. "Ẹ jókòó."

"Níyì, ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Láti Thursday ni wọ́n ti wá bá mi. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi gbé e wá, mo sì gbà á."

"Èmi náà mọ̀. Àwòrán Ọnọrébù wà lára telifíṣọ̀n tiyín náà. Gbogbo wa la rí i."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni n bá sọ ọ́ fún, Àǹtí? Ṣé àwọn tó ń wò ó?" Kò bínú rárá, ìyẹn ló sì dẹ́rù ba Màríyámọ̀.

"Padà wá sílé. Mo máa ti viewing centre yẹn pa. Ká jọ lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí o ti ṣe é."

Níyì gbé ọwọ́ lé e lórúnkún, ṣùgbọ́n ojú telifíṣọ̀n ni ojú rẹ̀ wà. "Ẹ mú sùúrù ná, Àǹtí mi. Penalty rèé."

Bọ́ọ̀lù wọlé. Gbogbo àtíbàbà fò sókè, Níyì bá wọn fò, ó na apá méjèèjì sókè, ó ń rẹ́rìn-ín bí kò ti rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí Bartholomew ti kú. Màríyámọ̀ bú sẹ́kún. Bàbá kan tó jókòó lápá òsì rẹ̀ wò ó, àánú ṣe é, ó sì fọwọ́ gbá a léjìká jẹ́jẹ́.

"Ẹ má sunkún mọ́, Mummy," ni bàbá náà wí. "Team yín á gbẹ̀san ní second leg."