Ẹsẹ Bíbélì Tó Kan Ìyá Ọkọ Mi

Ok-bun, ìyá ọkọ mi, kò mọ̀wé kà, kò sì sí ohun tó ń bà á lẹ́rù tó kí àwọn ará ìjọ mọ̀ ọ́n. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n rán lọ sílé ẹ̀kọ́. Òun ló ń pọ̀n wọ́n. Inú ṣì ń bí mi sí bàbá tó bí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú kí n tó dé ilé wọn.

Ní Mokpo níbí, nílẹ̀ Kòríà, ọjọ́ Jímọ̀ ni àwa obìnrin àdúgbò máa ń pàdé nílé ara wa láti ka Bíbélì. A ó jókòó yípo lórí ilẹ̀, kálukú á ka ẹsẹ kan, á wá kan ẹni tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, èmi àti Ìyá á ti ṣírò ẹsẹ tó máa kàn án, màá sì máa kà á sí i létí títí á fi mọ̀ ọ́n lórí. Tó bá dọ́hùn-ún, á wọ awò ojú, á fìka tọ ìlà, á sì kà á geere.

Mal-sun, tó máa ń jókòó tì í, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́.

"Ok-bun, Bíbélì tìẹ kì í gbó ni? Àbí irọ̀rí lo fi ń ṣe?"

"Ẹni tó bá mọ nǹkan tọ́jú ni nǹkan ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀," Ìyá á fèsì.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, a ti bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà nígbà tí Hye-rin, ìyàwó tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò, wọlé. Ó tọrọ àforíjì, ó sì fún ara rẹ̀ sáàárín èmi àti Ìyá. Ẹsẹ tí a ti ṣírò fún Ìyá ti yẹ̀ nìyẹn. Mo ka tèmi. Hye-rin ka èyí tó tẹ̀lé e, níbi tí obìnrin kan ti ń gbálẹ̀ wá owó rẹ̀ tó sọnù. Ẹsẹ Ìyá nìyẹn.

Ìyá fìka tọ ìlà. Nígbà tí kò rí ọgbọ́n mìíràn dá, ó tún ẹsẹ obìnrin náà kà, kò fo ọ̀rọ̀ kan.

Mal-sun ló kàn. Mo ń wo ẹnu rẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó bá mi pa á dé.

Mal-sun tún awò ojú rẹ̀ ṣe, ó sì ka ẹsẹ kan náà. Ẹni tó tẹ̀lé e náà kà á, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn kà á títí ó fi yípo.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," Hye-rin béèrè, "ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń kà á níbí?"

"Èyí tó bá dùn mọ́ wa, a máa ń tún un kà," Mal-sun dá a lóhùn. "Mu tíì ẹ, kó má tutù."

Nígbà tí a délé, Ìyá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Wọ́n mọ̀," ó ní.

"Wọ́n mọ̀, mà."

"Mal-sun náà?"

"Òun gan-an, mà."

Ó bú sẹ́kún, èmi náà sì bá a sun ún. Nígbà tó nu ojú tán, ó jókòó sídìí tábìlì kékeré tí a fi ń jẹun, ó ní kí n mú pẹ́ńsùlù wá.

"Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ Mal-sun."