Ohùn Sàfíátù ní Bọ́ńdárì

"Ẹ tún un sọ, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kó ti inú wá."

Bright na fóònù sún mọ́ ẹnu Sàfíátù. Inú ṣọ́ọ̀bù oògùn Bright ní ọjà Bọ́ńdárì ni wọ́n wà, ìgò oògùn kún orí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀, aṣọ funfun tó wọ̀ sì mọ́ ju ti dókítà tòótọ́ lọ. Sàfíátù tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

"Orúkọ mi ni Sàfíátù. Ìyá Ẹlẹ́wà ni wọ́n ń pè mí ní Liverpool Road. Ó ti pẹ́ tí ìbàdí ti ń ro mí. Mi ò lè kírun lórí ìnàró mọ́, orí àga ni mo ti ń kí i. Ìgbà tí mo mu oògùn Dókítà Bright, ọ̀sẹ̀ kan ò pé, mo forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wá rà á. Irọ́ kọ́ o."

Kò sì purọ́ kankan níbẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà burú nìyẹn.

Inú gọ́tà tí kò lọ́mọrí ni Sàfíátù já sí lọ́jọ́ òjò kan, kó tó mọ Bright rárá, tòun ti ìkòkò ẹ̀wà lórí. Ó dìde, ó gbọn ara nù, ó sì padà sẹ́nu ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àmọ́ ìbàdí ò gbàgbé. Bí oòrùn bá ti ń mú, ìrora á bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, á sọ̀ kalẹ̀ sí itan, á wá jókòó sí orúnkún bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ. Àwọn awakọ̀ tírélà tó ń dúró de àyè àtiwọ èbúté Tin Can á máa bá a ṣeré, òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run.

Ó lọ sílé ìwòsàn ìjọba. Dókítà tó kọ́kọ́ rí i ò gbójú kúrò lára fóònù. "Màmá, àgbà ló ń dé." Sàfíátù ò tíì pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n ní kó lọ ya fọ́tò egungun. Ẹ̀rọ tó ń yà á ti bàjẹ́. Ó padà lọ, wọn ò tíì tún un ṣe. Ó tún padà lọ, wọ́n ti tún un ṣe, iná ò sí. Nọ́ọ̀sì kan wá bi í bóyá kò ríṣẹ́ ṣe nílé ni. Lọ́jọ́ yẹn, ó délé, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní lọ́sàn-án gangan, ó sì sunkún. Kì í ṣe ìrora ló pa á lẹ́kún. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa ṣàlàyé ìrora ni.

Akpevwe, tí yàrá wọn jọ kọjú síra, fi òróró gbígbóná wọ́ ọ títí apá fi ń ro òun alára. Kẹ́míìsì po oògùn oníhóró oríṣiríṣi sínú ọ̀rá fún un. Bó bá mu ún láàárọ̀, agbára rẹ̀ á tán kó tó di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló wá pàdé Bright. Ìgò àkọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́.

Ìrora ká ẹní rẹ̀ ńlẹ̀, ó lọ. Sàfíátù sì sanra. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ, ọrùn rẹ̀ ki. Ní Ajégúnlẹ̀, ta ló máa rí obìnrin tó sanra tí kò ní kí i kú oríire? "Ìyá Ruqoyah, ayé yín ti dùn o!" "Ọkọ yín mọ ìtọ́jú!" Hussein ọkọ rẹ̀, tó ń kó ẹrù ní Tin Can, bẹ̀rẹ̀ sí í yan láàárín àdúgbò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílé.

Ruqoyah, àgbà ọmọ wọn, nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn.

"Mọ̀ọ́mi, ojú yín ló tóbi, apá yín ń tín-ín-rín. Ẹsẹ̀ yín sì ń dúdú níbi tí nǹkan kan ò ti gbá a."

"Ṣé o fẹ́ kí n padà síbi tí mo ti ń bọ̀ ni?"

Sàfíátù sì ní ẹ̀rí tirẹ̀. Lọ́jọ́ tó lọ ra ìgò mìíràn, ó bá òṣìṣẹ́ ìjọba méjì nínú ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń yẹ oògùn wò. Wọ́n ti kó ìgò jọ sílẹ̀, wọ́n ń jágbe mọ́ Bright. Bright rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n bá òun dé ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí wọ́n jáde, ọ̀kan gbá a léjìká bí ọ̀rẹ́, wọ́n sì fi gbogbo ìgò sílẹ̀ fún un.

"Ìjọba alára yẹ̀ ẹ́ wò," Sàfíátù sọ fún Ruqoyah nílé. "Wọ́n ní ó dáa." Ìdí nìyẹn tó fi gbà kí Bright gba ohùn òun sílẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà, ó ń kírun àsùbáà. Ó forí kanlẹ̀ tán, kò lè gbé e. Nǹkan kan ró kà nínú ìbàdí rẹ̀. Hussein àti Ruqoyah ló gbé e sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n sì gbé e padà sílé ìwòsàn ìjọba ọjọ́sí. Ẹ̀rọ fọ́tò ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Dókítà Chinyere, ọ̀dọ́mọbìnrin olójú àánú kan, wo fọ́tò náà títí. Ó ṣí ìgò tí Ruqoyah mú dání, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dé e padà.

"Màmá, wọ́n lọ oògùn òyìnbó mọ́ èyí. Ó lágbára gan-an. Ó ń pa ìrora lóòótọ́, àmọ́ béèyàn bá ń mu ún lámujù báyìí, á máa jẹ egungun. Orí egungun itan yín ti rún."

"Ṣùgbọ́n mo sanra."

"Ìsanra kọ́, Màmá. Wíwú lẹ wú." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ò tètè wá síbí?"



"Mo wá," Sàfíátù ní.

Iṣẹ́ abẹ wà tí wọ́n lè ṣe. Nígbà tí Hussein gbọ́ iye tí yóò ná wọn, ó rí i pé apá òun ò ká a. Wọ́n gbé e padà sílé.

Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló wà báyìí. Ìrora ti padà dé, kò sì dá nìkan wá: Sàfíátù ò lè dìde mọ́. Ruqoyah lọ bá Bright pé kó pa ohùn ìyá òun rẹ́. Bright ò bínú. "Sistá, ṣé irọ́ ni Mọ́mì sọ níbẹ̀ ni?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ tó ń ta oògùn Bright, tó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí, wọ àdúgbò.

*Orúkọ mi ni Sàfíátù. Ìyá Ẹlẹ́wà ni wọ́n ń pè mí…*

"Ẹ má rà á!" Sàfíátù kígbe lójú fèrèsé. "Èmi rèé! Ẹ má rà á!" Ohùn rẹ̀ òde bo ohùn rẹ̀ inú ilé mọ́lẹ̀. Ó rí obìnrin kan tó fọwọ́ ti ìbàdí, tó ń wọ́ ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ náà. Ó mọ ìrìn yẹn. Ó ti rìn ín rí.

"Akpevwe, jọ̀ọ́, sáré bá mi dá obìnrin yẹn dúró!"

Akpevwe sáré jáde. Ìgbà tó wọlé padà, kò lè wojú rẹ̀.

"I tell am o, Mama Ruqoyah. Mo ní ẹ wà nílé, ẹ ò lè dìde. She no gree. Ó ní òun ti ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ yín tipẹ́, ẹ kì í parọ́. Ó ní kí n bá òun kí yín. Pé ẹ ṣeun."

Wọ́n pe ìrun alásárì. Sàfíátù kí i lórí ìdùbúlẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ nìkan ló ń lọ sókè sódò dípò ìforíkanlẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ti dé òpópónà kejì, ohùn Sàfíátù sì ń sọ fún wọn níbẹ̀ pé irọ́ kọ́.