Àtàǹpàkò Màmá

Ojú Àṣá ni àwọn oníbàárà ń pe bàbá mi, torí pé kò sí aago ọwọ́ tí wọn ò lè tú palẹ̀ kí wọ́n sì tò padà. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún kan, nǹkan funfun ti ń bo ẹyinjú wọn, àwọn aago tí wọ́n bá tún ṣe kì í pẹ́ padà wá. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ní iṣẹ́ abẹ kékeré ló máa tán an, àti pé bí a bá fi falẹ̀, ojú náà lè lọ pátápátá. Bàbá kọ̀ jálẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bá kó gbogbo wa sínú ọkọ̀ ojú omi kékeré kan tó ń yípo àwọn erékùṣù láti wo ẹranko. Bàbá fúnra wọn ló dá àdéhùn kan sílẹ̀ níbẹ̀: bí ẹranko kan bá yọjú tí gbogbo wa rí i, tí àwọn ò lè nàka sí i, àwọn á lọ ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n fi mí ṣe adájọ́, torí pé ọ̀rọ̀ àdììtú ni oúnjẹ mi. Nínú ọkọ̀ náà, èèyàn kì í pariwo, kí ẹranko má baà sá. Ìka ni amọ̀nà wa fi ń sọ̀rọ̀.

Ìjàpá òkun yọrí lápá òsì, Bàbá nàka. Agbo ẹyẹ bà sórí àpáta lápá ọ̀tún, Bàbá nàka. Ẹ̀gbọ́n mi ní àfi bí Bàbá bá ń gbóòórùn àwọn ẹranko náà. Bàbá ní kí ó lọ wá ẹni yẹ ojú tirẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ẹ̀gbẹ́ ife ni Bàbá da tíì sí. Ìgbà tí mo yéé wo òkun, tí mo wo ìjókòó wọn, ni mo tó rí i: ọwọ́ Bàbá wà nínú ọwọ́ Màmá, àtàǹpàkò Màmá sì ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan fún òsì, ẹ̀ẹ̀mejì fún ọ̀tún.

Ìyẹn tún wá dá kún un. Ṣebí Màmá yìí ló ń sunkún nítorí ṣọ́ọ̀bù aago Bàbá tó ń kú lọ? Mo fà wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi wọ́n. Wọ́n ní ojú tó ń rí fírífírí sàn ju ojú tí ọ̀bẹ bà jẹ́ lọ, kí n jọ̀ọ́, kí n panu mọ́.

Lọ́sàn-án, omi ru, inú Màmá bá a ru, wọ́n lọ dùbúlẹ̀ nínú yàrá ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Mo jókòó sí ààyè wọn. Bàbá na ọwọ́ láìwo ẹ̀gbẹ́. Mo gbà á. Ni àbùùbùtán bá gbé ìrù sókè lọ́ọ̀ọ́kán, lápá òsì, ó gbòòrò bí ilẹ̀kùn méjì. Bí mo bá tẹ ọwọ́ yìí, mo ta ojú Bàbá. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́, mo dalẹ̀ Màmá. Àtàǹpàkò mi le gbagidi. Bàbá kọjú sí ọ̀tún, wọ́n ń wo omi lásán, wọ́n ń dúró. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n, ó wò mí. Ìrù náà wọmi.

"Ọwọ́ yìí kì í ṣe ti ìyá yín," ni Bàbá sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Kí ló kọjá?"

"Àbùùbùtán, sà."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ rí i?"

"Gbogbo wa la rí i."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa, n ó lọ. Èmi ò bẹ̀rù ọ̀bẹ rárá. Ìyá yín ló ń bẹ̀rù, mo kàn ń bá a bẹ̀rù ẹ̀ ni. Ìwọ lo máa bá mi sọ fún un."

Wọ́n dìde, wọ́n forí lé ibi tí kò sí ilẹ̀kùn. Mo yí wọn padà. Bá a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mò ń to ohun tí n ó kọ́kọ́ sọ fún Màmá, mò ń tú u palẹ̀, mo tún ń tò ó, títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.