Àwo Koláṣì Márùn-ún

Ẹ bá mi bi Verlin àbúrò mi: ta ló rán an níṣẹ́?

Ní ìpínlẹ̀ Nebraska níbí, ìbò márùn-ún ni tiwa nínú èyí tí wọ́n fi ń yan ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá borí káàkiri ìpínlẹ̀ a gba méjì. Ẹkùn mẹ́ta a fún ẹni tó wù wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omaha ni mo ń gbé, ẹkùn wa kì í sì í fìgbà gbogbo bá àwọn onímàlúù ìwọ̀-oòrùn dìbò. Èyí ń bí Verlin nínú. Ó ní kí ẹni tó bá borí kó márààrún lọ.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Màmá ṣe ń pín koláṣì rẹ̀, búrẹ́dì kékeré aládùn tí a ń fi èso sí láàárín, lọ́dún Àjíǹde. Àwo márùn-ún: gbogbo ẹbí á dìbò yan ohun tí wọn á fi sínú méjì, ilé mẹ́ta á yan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èso apirikọ́ọ̀tì ni mo máa ń yàn sí tèmi. Òun ni Emil ọkọ mi fẹ́ràn títí ó fi kú. Èmi nìkan ló kù nílé báyìí. Bí mo bá ń jẹ ẹ́, ó máa ń ṣe mí bíi pé Emil ṣì jókòó tì mí. Màmá sì ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Àjíǹde mélòó ló kù?

Àfi bí Verlin ṣe dé lọ́jọ́ Ìsinmi. "Àǹtí Lorene, ẹni tó bá borí ni kó kó gbogbo ẹ̀."

"Torí pé ẹ jẹ́ mẹ́sàn-án nílé yín? Ojú ò tì ẹ́?"

"Ìbò nìbò ń jẹ́."

Màmá ní ká dìbò náà. A kọ ọ́ sí bébà, a jù ú sínú fìlà olóògbé Bàbá wa. Kóró pọ́pì tí Verlin ń fọ́nnu lé lórí: mẹ́ta. Apirikọ́ọ̀tì: méjì. Pulọ́ọ̀mù gbígbẹ: mẹ́fà!

Yéè! Bí Verlin bá jẹ ẹyọ pulọ́ọ̀mù kan péré, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni yóò ti ṣọdún. Ó yíjú sí Janelle ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ń wo àjà.

"Ṣebí ìbò ìkọ̀kọ̀ ni, ọkọ mi?"

Mo rẹ́rìn-ín títí, kí n tó rántí pé tèmi náà ti lọ. Omijé dé sí mi lójú.

Lọ́jọ́rú, èmi, Màmá àti Verlin wọ ọkọ̀ Verlin lọ sí Lincoln, olú-ìlú wa, níbi tí ará ìlú ti ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí àbá òfin pé kí ẹni tó bá borí kó ìbò márààrún: ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, iná pupa bá tàn, o pa ẹnu dé. Olórí kunkun! Verlin ṣì sọ̀rọ̀ gbe àbá náà. Èmi ta kò ó, ṣùgbọ́n inú ń bí mi débi pé ọ̀rọ̀ apirikọ́ọ̀tì ni mo sọ títí iná fi tàn.

Wọ́n wá pe àwọn tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Màmá dìde. A ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó forúkọ sílẹ̀!

"Ẹ̀yin aṣòfin, ti ààrẹ kò yé mi. Ọmọ méjì ni mo bí. Bó bá jẹ́ ẹni tí ilé rẹ̀ kún nìkan ni mò ń gbọ́ tirẹ̀, èkejì kì í ṣe ọmọ mi mọ́ nìyẹn? Lorene á rí àwo rẹ̀ gbà, ìbò ì báà wí bẹ́ẹ̀, kó má wí bẹ́ẹ̀."

Verlin fò dìde láàárín èrò. "Màmá, tèmi ńkọ́?"

"Ìwọ kọ́ lo ní kí ẹni tó borí kó gbogbo ẹ̀? Lọ jẹ pulọ́ọ̀mù rẹ."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àjíǹde, Verlin wá dúró tì mí pẹ̀lú àwo òfìfo. Mo fojú pa á rẹ́ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, mo fún un ní ẹyọ koláṣì apirikọ́ọ̀tì kan, mo ní kó jókòó sórí àga Emil.